Ogún Ìwé Òfìfo tí Kàmọ́rù Fọwọ́ Sí

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ìga Ìdúngànràn,
                                        Ìsàlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Bọ́lájí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde? Fọláṣadé ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Ààwẹ̀ ku ọ̀túnla, àwọn ará ilé ti ń ra nǹkan sílẹ̀. Mo mọ̀ pé wàá ti máa rẹ́rìn-ín pé Salahudeen ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí láti sọ ọ́, tí mo kàn ń bi ọ́ bóyá òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ Kàmọ́rù wa ni. O rántí bí àwa mẹ́ta ṣe máa ń gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì lórí ilẹ̀ oníkọnkéré yẹn ní Láfíàjí, tí àwa méjì ń ju tiwa lu igi, tí òun nìkan ń ju tirẹ̀ sínú àwọ̀n. Ibẹ̀ ló gbà dé Túnísì, tó dé Káírò, tó wọ ẹ̀wù Nàìjíríà, nọ́ńbà kọkànlá. Bó bá wálé nígbà yẹn, ojú ọ̀nà kì í ṣeé gbà. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ kó fọwọ́ sí nǹkan fún àwọn: bọ́ọ̀lù, fìlà, ẹ̀yìn ìwé iléèwé. Kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Á kọ orúkọ rẹ̀, á wá kọ mọ́kànlá sábẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, gbogbo ìyẹn ti rọlẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé kan ní eré ìdárayá báyìí, ó ń tiro. Ẹ̀wù tó fọwọ́ sí fún onígbàjámọ̀ wa, tí ọkùnrin náà fi gíláàsì bò tó gbé kọ́ ara ògiri, inú oṣù Kìn-ín-ní ni mo rí i tó fi ń nu irun kúrò lórí àga. Kàmọ́rù náà rí i. Ó jókòó sórí àga náà, ó ní kó gẹ irun òun mọ́lẹ̀. Ó dùn mí débi pé mo jáde síta.

Èyí tó wá burú jù nìyí. Jimoh ti ta ilé bàbá wọn ní Láfíàjí, níbi tí Alhájà, ìyá Kàmọ́rù, ṣì ń gbé. O mọ Jimoh, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá, tí ìyá wọn yàtọ̀. Ilé náà kò ṣeé tà àfi bí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sí i, Jimoh sì mú ìwé kan jáde tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí pé Kàmọ́rù gbà kí wọ́n tà á. Orúkọ Kàmọ́rù wà nísàlẹ̀, mọ́kànlá wà lábẹ́ orúkọ. Ẹni tó ra ilé ti ní kí Alhájà kó jáde, ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́.

Mo wà ní kóòtù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Wọ́n na ìwé náà sí Kàmọ́rù, wọ́n bi í bóyá òun ló fọwọ́ sí i. Ó wò ó pẹ́. Gbogbo wa ń retí kó ní ayédèrú ni. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni, sà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìgbà tí mo ta ilé bàbá mi." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lọ́yà Jimoh kó bọ́ọ̀lù àti fìlà jáde láti fi hàn pé bó ṣe ń fọwọ́ sí nǹkan nìyẹn. Bọ́lájí, ìfọwọ́sí tí onígbàjámọ̀ fi ń nu àga ló ta odindi ilé.

Bí a ṣe jáde, Alhájà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Jimoh ni wọ́n ń bá wí, àmọ́ èmi lọ̀rọ̀ náà gún.

Torí èmi ni mo gba ìwé yẹn. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá. Jimoh ní òun fẹ́ ṣe ìdíje fún àwọn ọmọ àdúgbò, kí n ní kí Kàmọ́rù bá òun fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ogún pépà, àwọn á wá kọ orúkọ àwọn ọmọ tó bá gbégbá orókè sí òkè. Inú mi dùn pé èmi ni wọ́n rán, kí ayé lè mọ̀ pé èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Mo ra pépà, mo mú bírò aláwọ̀ ewé tí mo ń lò níbi iṣẹ́, mo bá a ní òtẹ́ẹ̀lì wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí pápá dé, ó ki ẹsẹ̀ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì yìnyín. Ó bi mí pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo ní ṣé èmi náà ló wá ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ láìgbójú sókè. Mo yọ ọ̀kan fún ọ, mo kó ìyókù fún Jimoh. Ìdíje kankan kò wáyé, n kò sì béèrè.

Àná ni mo jẹ́wọ́ fún Kàmọ́rù. Mo retí kó bú mi, kódà kó nà mí, kò ṣe ìkankan. Ó kàn bi mí pé:

"Mélòó ni mo sáìnì lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní ogún.

"Ọ̀kan wà ní kóòtù. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Bọ́lájí. Méjìdínlógún yòókù ńkọ́, Salahu?"

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Jimoh kò gbé fóònù mi mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi.

Mo ti sọ fún lọ́yà wa ní Igbóṣẹ́rẹ́. Ó ní ìwé tìrẹ, èyí tí o fi férémù bò ní ṣọ́ọ̀bù, ló kù tí a lè gbára lé, pẹ̀lú ẹ̀rí tí èmi máa jẹ́. Irú pépà kan náà pẹ̀lú ti kóòtù, bírò aláwọ̀ ewé kan náà, òkè rẹ̀ sì ṣófo, á fi hàn pé òfìfo ló fọwọ́ sí. Kò ṣèlérí pé adájọ́ á gbà. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yìí la máa padà lọ. Jọ̀ọ́, má fi rán ẹnikẹ́ni, ìwọ fúnra rẹ ni kó mú un wá. Má kọ nǹkan kan sí i, ì báà jẹ́ àdúrà. Alhájà ti yọ fọ́tò ọkọ wọn kúrò lára ògiri. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá àwọn yọ ọ́.

Bá mi kí Fọláṣadé àti àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kí ìyá rẹ. Kàmọ́rù ní kí n kí ọ. N kò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí tàbí ìkíni lásán ni. Má bínú pé orúkọ mi há mọ́ abẹ́ ọ̀rọ̀ báyìí. N kì í fi àyè sílẹ̀ mọ́.
Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, Salahudeen.