Orin Inú Ìkòkò Makvala

Abúlé Vardiani,
Kakheti.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án.

Makvala, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Bologna? Ṣé ìyá arúgbó tí ò ń tọ́jú ń jẹun dáadáa? Ara tèmi le, àyàfi orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu. Nodar ẹ̀gbọ́n rẹ àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń kí ọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ayọ̀, nítorí inú tèmi kò dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Gbogbo abúlé ló ti gbọ́ pé o ń bọ̀ wá ṣe ìgbéyàwó lóṣù kẹwàá. Nodar ti sọ fáwọn àlejò pé ọjọ́ yẹn la máa ṣí ìkòkò ńlá rẹ tó ga ju ènìyàn lọ, èyí tí mo rọ wáìnì kún tí mo sì rì mọ́lẹ̀ lọ́dún tí a bí ọ. Wọ́n ti sanwó gba gbogbo yàrá ilé wa tán nítorí ọjọ́ yẹn.

O ò ní dá ibí mọ̀ mọ́. Nígbà tí ìjọba ní ká gé gbogbo àjàrà káwọn èèyàn má bàa mutí mọ́, bàbá mi nìkan ló fi ẹ̀bẹ̀ àti ariwo gba ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ara rẹ̀ ni gbogbo abúlé ti tún rí tiwọn gbìn. Nígbà tó yá, ará Jámánì onírùngbọ̀n kan gun kẹ̀kẹ́ dé, ó tọrọ omi, ìyá rẹ bu wáìnì fún un, ló bá sùn sábẹ́ igi di ọjọ́ kejì. Ó padà kó ọ̀rẹ́ mẹ́fà wá. Ní báyìí, títì ọlọ́dà ti dé ẹnu ọ̀nà wa, bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ń wá ní Sátidé, ìkòkò Makvala sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Nodar gbé àkọlé sí i: "Wáìnì tó ń dúró de ọmọbìnrin ilé."

Makvala, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Nígbà òtútù tí kò síná, tí kò sí búrẹ́dì, òtútù àyà dá ọ dùbúlẹ̀, o ò tíì pé ọdún mẹ́rin. Awakọ̀ kan ní abẹ́rẹ́ tí dókítà ní ká wá, ṣùgbọ́n wáìnì nìkan ló fẹ́ gbà. Èmi àti ìyá rẹ gbọ́n ìkòkò náà gbẹ, mo dé e padà, mo fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́, mo kó iyẹ̀pẹ̀ lé e. O mọ̀ pé níbí, bàbá tó bá gbé wáìnì ọmọ rẹ̀ tà kì í lẹ́nu mọ́ láàárín ọkùnrin. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ. Ìyá rẹ náà kò sọ títí ó fi kú.

Mo rò pé kí n yọ́ fọ̀ ọ́, kí n rọ òmíràn sí i kó o tó dé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Nodar ti jáde, mo ṣí i, mo wọnú rẹ̀ tèmi ti búrọ́ọ̀ṣì. O sì mọ àṣà wa: ẹni tó bá ń fọ ìkòkò gbọ́dọ̀ máa kọrin, káwọn tó wà lókè lè mọ̀ pé òórùn inú rẹ̀ kò tíì mú un dákú. Kò sẹ́nì kankan lókè, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lẹ́nu láti àádọ́ta ọdún. Mo bú sórin. Mi ò mọ̀ pé Nodar ti kó àlejò bíi ogún bọ̀, ó ń ròyìn wáìnì náà fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó yọjú wò mí.

"Bàbá! Ṣé wáìnì ló ń kọrin báyìí?"

"Fà mí sókè ná, kó o tó bú mi."

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ó wà lára ohun tí wọ́n wá wò ni. Nodar kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká rọ tọdún tó kọjá kún un. Ta ló máa mọ̀? Àbí ẹ fẹ́ kí abúlé yìí padà sínú ebi ni?" Mo ní, "Makvala máa mọ̀." Láti ìgbà yẹn ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀.

Ìwọ lo ni ìkòkò, ọ̀rọ̀ dọwọ́ rẹ. Tó o bá ní ká rọ òmíràn sí i, màá gbé ife sókè, màá purọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó o bá ní kí n sọ ọ́, màá sọ lójú ọkọ rẹ àti gbogbo ayé pé ọmọ ọdún mẹ́ta lo ti mu wáìnì ìgbéyàwó rẹ, òun ló sì jẹ́ kó o wà láàyè láti ṣègbéyàwó. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé o lè bínú, kó o má sì wá mọ́ rárá.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ fún mi. Kí ilé ọkọ tù ọ́ lára, kí ọwọ́ rẹ má ṣófo.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Iordane.

Àfikún: Mo tún wọnú ìkòkò láàárọ̀ yìí láti parí rẹ̀. Nodar wá jókòó sẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́ díẹ̀ kí n lè mí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Mo ní mo wà. Jọ̀ọ́ Makvala, bínú tó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má dákẹ́.