Pèrègún Méjì Lẹ́yìn Kíṣìnnì Wa

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń nu àdá sára ṣòkòtò títí inú á fi bí ìyá mi,

Ó tọ́jọ́ mẹ́ta. Ilé wà ní Òkèrèwè bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. A ti fi páànù tuntun bo yàrá yín, òjò ò kán sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Èmi náà ṣì wà ní ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pláànì ilé, iṣẹ́ tí ẹ máa ń fi yangàn lójú àwọn ọ̀rẹ́ yín. Tí ẹ bá ka ìwé yìí tán, bóyá ẹ ò ní fi yangàn mọ́.

Ṣé ẹ rántí Gìdádò, Fúlàní tó tẹ gáà sídìí oko wa lójú ọ̀nà Ẹdẹ? Kékeré ni mí lọ́jọ́ tí ẹ fún un láyè. Ẹ fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ẹ gé pèrègún méjì, ẹ ní kí n dì wọ́n mú ṣinṣin kí wọ́n má wọ́, Gìdádò sì ń wa erùpẹ̀ sí wọn nídìí. Ẹ ní pèrègún kì í parọ́ ààlà. Láti ọjọ́ yẹn ni wàrà ò ti wọ́n nílé wa ní ọjọ́ Jímọ̀. Tútù lẹ máa ń jẹ tiyín, ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n dín in.

Lọ́dún tó kọjá, ọ́fíìsì wa ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé àwọn òṣìṣẹ́. Èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ lẹ ìwé kí wọ́n kó kúrò. Ilé koríko ò ní ògiri gidi, mo bá kan ìwé mọ́ igi ọsàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, màlúù ti jẹ ìdajì rẹ̀. Gìdádò ò bá mi jà. Ó gba lọ́yà, ó pè wá lẹ́jọ́ pé ìpinnu wa ò bófin mu, torí onílẹ̀ ló fún òun láyè láti ohun tó lé lógún ọdún. Ẹ̀rí rẹ̀ ò ju pèrègún yẹn lọ. Adájọ́ ní òun máa wá fojú ara òun rí i.

Bàbá, èmi ni mo hú u. Ọ̀gá mi ò rán mi. Wọ́n ti kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó máa gba pulọ́ọ̀tì níbẹ̀, ojúkòkòrò sì ti wọ̀ mí lára. Àárọ̀ ọjọ́ tí adájọ́ máa wá, Gìdádò ti lọ bá lọ́yà rẹ̀, àwọn ìyàwó rẹ̀ ti kiri wàrà lọ. Mo hú méjèèjì tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo dí ihò, mo wọ́ koríko gbígbẹ bò ó. Nígbà tí adájọ́ dé, Gìdádò ń fi ọ̀pá wá inú koríko bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún lọ fi Bíbélì búra ní kóòtù pé mi ò mọ ààlà kankan níbẹ̀ rí. Wọ́n dá wa láre.

Nígbà tí a jáde, ó kí mi. Ó ní, "Ọmọ Bàbá, ilé ńkọ́?" Mo ní àlàáfíà ni. Ṣé ó mọ̀? Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀?

Ẹ̀yìn kíṣìnnì ni mo kó igi náà jù sí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lóko. Wọ́n ti hù. Ìyá mi máa ń bomi rin wọ́n láràárọ̀, wọ́n ní bóyá ẹ̀yin lẹ fi wọ́n ránṣẹ́ láti ọ̀run. Mi ò lè wo ojú wọn.

Gìdádò ti gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà lọ́yà rẹ̀ ní Ìlárè, tí mo padà. Ẹ̀rù ń bà mí. Iṣẹ́ máa bọ́, wọ́n sì lè tì mí mọ́lé. Ṣùgbọ́n mo ti hú ọ̀kan nínú wọn láàárọ̀ yìí, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé, yẹ̀pẹ̀ ṣì wà nídìí rẹ̀. Tí mo bá parí ìwé yìí, Ìlárè ni mò ń gbé e lọ. Ẹ má jẹ́ kí n padà lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ ní kó dì í mú ṣinṣin.