Ọjọ́ Wo Gan-an ni Bàbá Rẹ Pé Ọdún?

Ìkirè,
Oṣù kẹfà, 1990.

Mùkáílà Àlàó ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ báǹkì ń lọ dáadáa, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbélé máa ń kí ọ láàárọ̀? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Àṣíáwù àbúrò rẹ ní kí n kí ọ, òun ló ń bá mi dín dòdò báyìí nítorí èéfín ti ń ta mí lójú jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn onímọ́tò Ifẹ̀ ṣì ń dúró rà á.

Mo rí káàdì tí o tẹ̀ fún àdúà ọdún kan bàbá rẹ. Ó dára, ó ń dán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó bí mi nínú. Àṣíáwù kà á, ó ní o kọ Léètì síwájú orúkọ wọn. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní léètì ni ẹni tó pẹ́ dé ilé ìwé, tí tíṣà ń nà. Háà, Mùkáílà! Bàbá rẹ tó jẹ́ pé àwọn ló ń lọ jí ládàánì kó tó pe ìrun? Ìgbà wo ni wọ́n pẹ́ dé ibì kankan rí? Ọjọ́ ikú wọn pàápàá, ẹ̀yìn àsùbáà ni wọ́n kú, a sì ti sin wọ́n kí a tó kí ìrun Àílà. Jọ̀wọ́, pa á rẹ́.

Bí a bá ń wá ẹni tó pẹ́ dé, ìwọ ni, ẹ̀bi rẹ sì kọ́, iṣẹ́ tí a rán sí ọ ni kò tètè dé. Ọjọ́ kejì ni o wọlé, o gbé báàgì iṣẹ́ rẹ dání, o dúró ti iyẹ̀pẹ̀, o ò sunkún, o kàn bi mí pé ìhà ibo ni orí wọn wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí di òní.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé Alfa Gàrúbà ní ọjọ́ tó wà lára káàdì kì í ṣe ọjọ́ ọdún wọn. Ọjọ́ kẹrin Iléyá ni bàbá rẹ kú, ẹran àgbò ṣì wà nínú ìkòkò, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Alfa ní òṣùpá ni a fi ń ka ọdún, nítorí náà ọjọ́ kẹrin Iléyá tọdún yìí ni ọdún pé, tìrẹ sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ọdún òyìnbó gùn ju tiwa lọ torí pé òyìnbó kì í gbójú sókè, bébà ara ògiri ni wọ́n ń wò. Ó yà mí lẹ́nu. Bí oṣù òṣùpá bá kúrú, kí ló dé tí báǹkì yín kì í fi sanwó? Owó ìbá máa tètè wọlé. Bá máníjà yín sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí o fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́.

O kọ ọ́ sí mi pé ọjọ́ yẹn nìkan ni ọ̀gá rẹ yọ̀ǹda fún ọ. Mo ní kí n pè ọ́, bóyá o lè tún bẹ̀ wọ́n. Mo lọ sí ilé tẹlifóònù. Obìnrin kan ló dáhùn, kò kí mi, òyìnbó ló ń sọ. Akọ̀wé ibẹ̀ túmọ̀ rẹ̀, ó ní obìnrin náà ní gbogbo ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ ló dí. Mo ní kó sọ fún un pé n kò fẹ́ wọ mọ́tò, ọ̀rọ̀ lásán ni mo fẹ́ sọ. Kò dá mi lóhùn, ohun kan náà ló ń tún wí. Bó bá jẹ́ pé àfẹ́sọ́nà rẹ ni, kọ́ ọ bí a ti ń kí ìyá ọkọ.

Ni mo bá pe Alfa àti Ṣàmsúdéènì àbúrò bàbá rẹ jókòó. Ṣàmsúdéènì ní kí a ṣe é lọ́jọ́ òṣùpá, kí a fi ẹran tìrẹ pa mọ́ fún ọ. Inú bí mi gan-an. Mo ní ṣé ẹran ni Mùkáílà ń bọ̀ wá jẹ ni? Mo ní lọ́jọ́ ikú, ẹ̀sìn ní kí a yára, a yára, a ò dúró de ọmọ. Òótọ́ ni, òkú kì í ṣe ohun tí à ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n àdúà kì í jẹrà. Alfa bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Wọ́n ní kò sí ọjọ́ tí a kì í ṣàdúà, àmọ́ àwọn á ṣe díẹ̀ lọ́jọ́ òṣùpá kí ẹnu má bàa kùn wá, kí n sì wá nǹkan sẹ́nu àwọn lọ́jọ́ méjèèjì. Mo gbà.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́ o, owó àgbò, owó ìrẹsì, àti ti ẹnu àwọn alfa lẹ́ẹ̀mejì. Má fi sí báǹkì. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ẹ ń da owó gbogbo èèyàn pọ̀ sí yàrá kan. N kò fẹ́ kí owó ọlọ́tí kan lọ bọ́ sínú sàárà bàbá rẹ. Oyèwùmí onímọ́tò tó ń ná Èkó ni kí o fi rán.

Ọlọ́run yóò kẹ́ bàbá rẹ. Yóò fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí rẹ, ayọ̀ ni yóò máa gbé ọ wálé. Ọjọ́ tìrẹ ni a óò ṣe é, mo sì ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé lọ́jọ́ náà, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ tẹ́wọ́ àdúà kí a tó rí ọ. Bí mọ́tò bá bàjẹ́ ní Aṣéjìrẹ́, má sáré, ọmọ mi. A óò dúró dè ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàfúrátù.