Má Fọwọ́ Kan Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Bàbá

Àbúrò mi,

Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́? Láti ọdún mẹ́fà tí ẹsẹ̀ Bàbá ò ti gbé wọn dé gáréèjì mọ́ lo ti ń sọ pé ò ń tan ọkọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n di àwọn mú lọ wò ó. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àṣé eku lo gbà ní mẹkáníìkì! Wọ́n ti bímọ síbi tí íńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, àwọn ọmọ náà ti kú, wọ́n ti gbẹ. Epo táǹkì ti bàjẹ́. Mo kó wọn dànù, mo fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì ń rùn. Ṣùgbọ́n irọ́ rẹ ló rí mi lára jù.

Bàbá kàn ní, “Ṣebí ó ní òun ń tan án?”

Mo ti ro ọ́ìlì díẹ̀ sínú íńjìnnì. Mo fi sípánà yí i, ó yí, kò tíì kú. Má ṣíná sí i o, epo tó bàjẹ́ yẹn ṣì wà ní táǹkì! Mo ń lọ ra bátìrì.

Bàbá kọ̀, wọn ò wọlé. Wọ́n jókòó ti ọkọ̀ náà, ìwọ ni wọ́n ń dúró dè. Lọ bá wọn kó o tó jẹun.