Ẹ Má Bá Mi Wáṣẹ́ Mọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́. Wọ́n ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mo ní kí ẹ bá mi wáṣẹ́ lọ́dọ̀ yín torí orí mi ò gbàwé. Mo lè ka ojú ewé kan títí ilẹ̀ á fi ṣú, síbẹ̀ kó pòórá nínú ìdánwò. Olùkọ́ wa wá ní kí n pàwé dé, kí n sọ ohun tí kíndìnrín ń ṣe. Mo ń kólòlò.

Ó ní, "Ìwé ló mọ̀ ọ́n, ìwọ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tó o bá làágùn kó o tó rántí ni kì í tètè lọ."

Látìgbà náà, a máa ń pàwé dé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó kọ ohun tá a rántí nípa ti tẹ́lẹ̀. Màmá ò sì jẹ́ n sinmi nílé: "Dókítà mi, kí ni kíndìnrín ń ṣe?"

Èsì jáde lánàá. Mo yege gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù ọdún tó ń bọ̀ ṣì ń bà mí, àmọ́ ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tí ẹ bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà. Mi ò wá mọ́. Aṣọ funfun tí à ń wọ̀ ní yàrá àyẹ̀wò ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún wa.

Èmi àbúrò yín, tí kò ní sá nílé ìwé mọ́.