Ọ̀gá Tí O Kọ̀ Láti Gbé Sókè

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé bàtà onírin tí wọ́n ní kí ẹ máa wọ̀ níbi iṣẹ́ ò gé ọ lẹ́sẹ̀ mọ́? Ìyá rẹ ń kí ọ. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ níwájú àti lẹ́yìn, pàápàá lẹ́yìn, nítorí o sọ pé táyà ẹ̀yìn ni ọkọ̀ agbẹ́rù alápá irin tí ò ń kọ́ láti wà fi ń yí.

Ìwé ìlànà tí o fi ránṣẹ́ dé, a sì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti ní kí awakọ̀ fun fèrè kó tó yọ ní kọ̀rọ̀, torí náà bó bá ń gbé omi gbígbóná bọ̀ láti ilé ìdáná, á kọ́kọ́ fẹnu ké póò! póò! Láti ìgbà náà, kò tíì da omi sí mi lára. Fọ́ọ̀mù tí o ní kí n kọ ọ̀rọ̀ kún nìyí nínú àpò ìwé. Wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo kọ "Kò ní í ṣẹlẹ̀" síbẹ̀, ìyá rẹ sì kọ àmín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára ni ti ọ̀gá rẹ. O ní ó fẹ́ gun orí apá irin ọkọ̀ náà, kí o gbé òun sókè lọ mú páálí kan, o ní rárá, ó bínú, ó ní òun ò ní fọwọ́ sí ìwé rẹ, bẹ́ẹ̀ bí kò bá fọwọ́ sí i o ò ní lè ṣe ìdánwò ní Ọjọ́bọ̀. Má bínú, ìwọ ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo ní ta ló tọ́ ọmọ yìí, kí àgbà ní gbé mi, kí ọmọ ní òun ò gbé? Mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ojú ìwé méjì sí ọ̀gá náà, ó ku kí n fi ránṣẹ́.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi tó ń kun ilé ṣe dé láti bá wa kun iwájú ilé. Àkàbà ò tó. Wọ́n ní kí n gbé ọmọlanke wá, kí àwọn dúró sí iwájú ẹ̀, kí n wá tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó gbé àwọn sókè. Ìyá rẹ ní ẹ jọ̀ọ́ o, ó wà nínú ìwé, wọn kì í fi ohun tó ń gbẹ́rù gbé èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ìwé ló ń kun ilé ni? Wọ́n ní àbí mo ti di ẹ̀gbọ́n àwọn ni? Ọmọ mi, mo mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo, mo gbé wọn. Ọmọlanke yẹ̀, wọ́n bá ara wọn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, ọrùn ẹsẹ̀ wọn wú bíi búrẹ́dì tó sùn sínú omi. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí a gbé wọn lọ ní egungun ò ṣẹ́, a dúpẹ́.

Ibi tí mo jókòó tì wọ́n ni mo ti ronú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mi ò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, ìwọ sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ, o sì mọ ohun tó lè gbà lọ́wọ́ rẹ. Orí mi wú. Mo ti ya lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ yẹn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ohun tí o ṣe, wọ́n ní kí a lọ bá ọ̀gá náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní àwọn ò ní bẹ̀ ẹ́ o, àwọn á kàn gbé ẹsẹ̀ yìí lé orí tábìlì rẹ̀, kó wò ó dáadáa kó tó gbé bírò. Torí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kíákíá, ti èèyàn mẹ́ta: èmi, ẹ̀gbọ́n mi, àti ẹsẹ̀ wọn, nítorí kò ṣeé ká, ìjókòó tirẹ̀ ló máa gbà.

Ọwọ́ rẹ ò ní ṣìnà. Ohun tí o bá gbé sókè ò ní já, ohun tí o bá sọ̀ kalẹ̀ á jókòó ire. Ẹni tó bá ní kí o gbé ohun tí kò yẹ, Ọlọ́run á máa fún ọ lẹ́nu láti kọ̀, kódà bó bá jẹ́ èmi ni.

Bàbá rẹ