Sáfà Kó Lọ Sílé Tuntun, Ẹrù Rẹ̀ Ò Kúrò Nílé Àtijọ́

Gbọ́njúbọ́lá Àjàní, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé o jí ire? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó mú mi jí lónìí pẹ̀lú eékún tó ń dùn mí yìí, òun náà ni yóò máa jí yín ní Èkó lójoojúmọ́, kò ní í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ níbi tí ẹ bá ń lọ. Àwa náà wà ní Erunmu. Àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ mi bí mẹ́ta, ó kọ ọ̀kan, omi ọ̀gì ni mo fi ń tọ́ ìyẹn. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Tísà Oyèbánjí tó ń gbé òdìkejì wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí o mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kún un. Bí o bá rí gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀, òun ni, kì í ṣe èmi.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé o bínú sí mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní mo ń da iṣẹ́ rẹ rú nítorí kọ̀ǹpútà. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mo sì gbé fóònù fún Múyì. Nẹ́tíwọ̀kì dáa. N kò fẹ́ kí ọmọ tí mo fọ ìdí fún máa pariwo mọ́ mi létí níwájú òṣìṣẹ́ ni. Ní báyìí tí inú rẹ ti rọ̀, jókòó kí o gbọ́ bó ṣe jẹ́, torí bí Hezekiah tó ń bá ọ ṣe kọ̀ǹpútà bá ń sọ ọ́ fún ọ, ó máa fo àwọn ibì kan.

O mọ sáfà àtijọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ wa. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà ní ọ́fíìsì ilé ìsàba wa, láti ìgbà tí bàbá rẹ ṣì wà láyé tó ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí a fi ń sàba ẹyin. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo àwọn tó ń ra òròmọdìyẹ lọ́wọ́ wa wà, àti iye tí kálukú fẹ́, àti ọjọ́ tí kálukú máa wá kó o. Múyì tó ń jókòó ti ọ́fíìsì sọ fún mi pé bí ọjọ́ ẹnì kan bá ku ọ̀la, sáfà fúnra rẹ̀ ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù olúwarẹ̀ pé kó máa bọ̀. Mo ní ẹni tó jókòó sójú kan tó ń ránṣẹ́ pe èèyàn, ṣé kì í ṣe baálé nìyẹn? Ṣùgbọ́n baálé ti darúgbó. Ó ń kùn bí agbọ́n, ó ń kú sẹ́nu iṣẹ́, ọmọńlé sì ti yé ẹyin sí i nínú. Mo gbà pé kó fẹ̀yìn tì. N kò bá ẹ̀rọ tuntun jà o, Tísà, kọ ìyẹn kó hàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Hezekiah gbé tuntun náà dé láti Ìbàdàn, ó fi ìrọ̀rí tì í nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ó ní gbogbo ohun tó wà nínú àtijọ́ ni òun máa kó sínú tuntun. Mo bi í pé ìrìn mélòó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, inú wáyà ni yóò gbà. Mo gbé àpótí, mo jókòó ti wáyà. Mo fẹ́ rí bí orúkọ èèyàn tó lé lẹ́gbẹ̀rún ṣe máa gba inú okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹn kọjá. N kò rí nǹkan kan. Mo fọwọ́ kàn án, kò gbóná, kò sì wúwo. Nígbà tó tó bí ìgbà tí èèyàn máa gún iyán jẹ tán, ó ní ó ti dé ìdajì. Mo ní ta ló rí i? Ó ní kí n wo ojú gíláàsì. Mo wò ó, ilà kan ló ń wọ́ lọ níbẹ̀ bí ìgbín.

Nígbà tó parí, ó ṣí tuntun, ó ka orúkọ, gbogbo wọn pé. Mo ní a dúpẹ́. Ó tún ṣí àtijọ́, gbogbo orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀! Ara mi bù máṣọ. Mo ti kó iṣu láti abà kan sí òmíràn rí, bí mo bá kó o tán, erùpẹ̀ nìkan ló ń kù ní abà àtijọ́. Mo ní Hezekiah, ẹrù tí o kó lọ tí kò kúrò nílé, irú ẹrù wo nìyẹn? Àfi kó jẹ́ pé o ò kó nǹkan kan, tàbí kó jẹ́ pé o ti sọ èèyàn kọ̀ọ̀kan di méjì. Ó ní òun kò kó o, òun dà á kọ ni. Mo ní bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń da iṣẹ́ kọ láti ara pátákó? Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ní ta ló wá bá a máàkì? Ó ní ẹ̀rọ náà ló máàkì ara rẹ̀. Tísà ń rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń kọ ọ́ yìí, torí ogójì ọdún ló fi kọ́ni, kò rí ọmọ tó máàkì iṣẹ́ ara rẹ̀ tó fìdí rẹmi rí.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Hezekiah ní òun fẹ́ nu inú àtijọ́ mọ́, kí òun sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà, o ti fi ta òun lọ́rẹ. Mo ní kò ní í lọ. Adìyẹ tó ń sàba, bí a bá gbé e láti inú agbọ̀n kan sínú òmíràn, a kì í tú agbọ̀n àtijọ́ ká lọ́jọ́ náà. A máa ń fi í sílẹ̀ títí yóò fi jókòó ti ẹyin rẹ̀ níbi tuntun. Bí kò bá gbà á, ibo ló máa padà sí? Mo ní ní Ọjọ́bọ̀, òròmọdìyẹ ẹgbẹ̀fà máa yọ níbí, bí tuntun bá pe àwọn tó ni wọ́n bó ṣe yẹ, kó wá gbé baálé lọ. Ó ní Màmá, kọ̀ǹpútà kì í ṣe adìyẹ. Mo ní kí ló rò pé à ń tà níbí, bàtà ni? Ìgbà yẹn ló pè ọ́, tí ìwọ náà pè mí, tí nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.

Mo ní kí Múyì bá mi gbé àtijọ́ wọ yàrá mi. Hezekiah ti sọ pé ooru ló ń pa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù níbi tó tutù, mo fi ìró mi kan bò ó. Múyì lọgun pé omi ni ikú rẹ̀. Mo ní ooru ń pa á, omi ń pa á, ọmọ ta ni? Ṣùgbọ́n mo sún un díẹ̀.

Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́. Ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ni. Òròmọdìyẹ ti yọ, ariwo wọn gba gbogbo àgbàlá. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Tìmílẹ́hìn ará Lálùpọn, ó di páálí sẹ́yìn ọ̀kadà. Múyì ní ṣé kì í ṣe oṣù tó kọjá lo kó ọgọ́rùn-ún tìrẹ ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti ń hùyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tún pè mí, ó sì fi fóònù hàn án. Ó ní òun rò pé èènì ni. Gbọ́njúbọ́lá, ta ló ń fi ọgọ́rùn-ún òròmọdìyẹ ṣe èènì? Kí oòrùn tó yọ tán, wọ́n ti di mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ló ti kó tiwọn lóṣù tó kọjá, gbogbo wọn ló gbé páálí òfìfo dání. Ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tó ni òròmọdìyẹ ọjọ́ náà ò yọjú. Múyì ò rántí wọn, ó ní òun ti jẹ́ kí ẹ̀rọ máa rántí fún òun.

O mọ ohun tó wà níbẹ̀. Òròmọdìyẹ kì í dúró de olówó. Yàrá tí wọ́n ń yọ sí ò gbà wọ́n di ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá sùn mọ́jú níbẹ̀, ìdajì wọn ò ní í jí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nínú wọn sì jẹ́ ti Hàjàrá ará Akínyẹlé, òun ló mú ìdajì àwọn oníbàárà wa wá. Bí Hàjàrá bá gbọ́ pé òkú òròmọdìyẹ la fi dá òun lóhùn, yóò fi wá sílẹ̀, wọn yóò tẹ̀ lé e, ilé tí bàbá rẹ kọ́ kalẹ̀, ẹ̀rọ tuntun nìkan ni yóò kù níbẹ̀ tí wàá máa wò.

Múyì pe Hezekiah, Hezekiah ní kò lè ṣẹlẹ̀. Mo ní ó ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n lọ gbé baálé jáde. Wọ́n tan án, ó kùn, ó kú, wọ́n tún tan án, ó dìde. Mo ránṣẹ́ pe Tísà wá, ó gbé dígí sójú, ó ka ti àtijọ́, ó ka ti tuntun. Nínú àtijọ́, ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ni Hàjàrá. Nínú tuntun, ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ni, ìyẹn sì ti kọjá. Àwọn mẹ́sàn-án tó gbé páálí wá yẹn, tí wọ́n kó tiwọn lọ́jọ́ kẹjọ oṣù keje, tuntun ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ni tiwọn. Tísà ní àwọn òyìnbó kan wà tí wọ́n máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀rọ tuntun náà nìyẹn. Mo ní àwọn wo ló ń ti inú yàrá wọ ẹnu ọ̀nà?

Tísà ń ka orúkọ láti inú àtijọ́, Múyì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, torí àwọn ọlọ́páálí ti ń wo inú ilé. Mo ní àṣìṣe la fi pè yín, ẹ má bínú, kò sẹ́ni tó máa gbé adìyẹ aládìyẹ, ṣùgbọ́n ẹ fi oko yín sílẹ̀ wá, ẹ jókòó jẹ àgbàdo. Tìmílẹ́hìn ní àgbàdo kì í ṣe òròmọdìyẹ. Mo ní òròmọdìyẹ náà kì í ṣe tìrẹ. Ó jẹ mẹ́rin.

Ọ̀sán ni Hàjàrá dé, ó háyà ọkọ̀, ojú rẹ̀ le. Ó ní Ìyá àgbà, ṣé ẹ ti gbàgbé mi ni? Mo sọ òótọ́ fún un, mo ní n kò gbàgbé rẹ, ẹ̀rọ tuntun ni kò mọ̀ ọ́, ọmọ ọmọ mi ló rà á, òun ni kí o bínú sí. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Ó ka tirẹ̀, ó pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó ní kí n fi èènì sí i, mo fún un ní mẹ́wàá. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, gbogbo wọn ti lọ. Mọ́kànlá ló kú. Mo wà láyé nígbà tí ẹyọ méjì péré ń yè lábẹ́ ìyá adìyẹ, nítorí náà n kò sunkún.

Ọjọ́ kejì ni Hezekiah dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo ní kó dìde, kì í ṣe àyà rẹ̀ ló máa tún ọjọ́ ṣe. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó, Tísà ń ka àtijọ́, òun ń wo tuntun, wọ́n fi ojú èèyàn máàkì gbogbo rẹ̀. Lánàá Ọjọ́bọ̀, òròmọdìyẹ tún yọ. Àwọn tó ni wọ́n nìkan ló wá, wọ́n sì pé. Mo ní kí Hezekiah máa gbé baálé lọ. Múyì ń wò mí bóyá omi máa bọ́ lójú mi. Irin ni. Ó ti ṣe tirẹ̀. Mo gba ìró mi, mo fọ̀ ọ́.

Hezekiah tún fi nǹkan kékeré kan sílẹ̀, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ó ní gbogbo orúkọ náà ló tún wà nínú rẹ̀, kí a tọ́jú rẹ̀ nítorí ọjọ́ mìíràn. Múyì fẹ́ jù ú sínú àpótí ọ́fíìsì. Mo gbà á, mo dì í mọ́ etí ìró. Èèyàn tó lé lẹ́gbẹ̀rún ni mo ń gbé kiri báyìí, wọn ò sì wúwo.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Fi owó ránṣẹ́. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn, èmi ni mo san owó ọ̀kadà tí wọ́n fi padà, ìwọ lo ni ẹ̀rọ, ìwọ lo ni gbèsè. Èmi náà sì fẹ́ ogún òròmọdìyẹ. Múyì ní kò sí ẹni tó ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà ṣe ìyá àgbà, kí n forúkọ sílẹ̀ bí gbogbo ayé, mo sì yìn ín. Mo ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n ti kọ nọ́ńbà fóònù mi sínú ẹ̀rọ tuntun, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni tèmi. Fi owó oúnjẹ wọn kún un.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fọwọ́ ara rẹ ba iṣẹ́ ara rẹ jẹ́. Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ rẹ ò ní í kọ̀ ọ́. Ìwọ àti ìyàwó rẹ ò ní í fi ojú sunkún ọmọ. Wàá dàgbà jù mí lọ, eékún ò sì ní í dùn ọ́ níbẹ̀.

Má pè mí ní Ọjọ́rú o. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ rẹ máa pè mí pé kí n wá kó òròmọdìyẹ mi, n kò fẹ́ kí o dí i lọ́nà.

Èmi ni, ìyá bàbá rẹ, ní Erunmu.